Kámẹ́rà Olójú Méjì

"Má mí," ni Bàbá ayàwòrán wí, mo sì pa èémí mọ́ra. Wọ́n ti fi ẹfun fa ìlà kan sí àárín ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó sí apá òsì ìlà náà, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìka ẹsẹ̀ mi kọjá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà. Aṣọ ànkárá tuntun tó wà lọ́rùn mi ṣì le, ọrùn rẹ̀ sì ń yún mi. Bàbá tẹrí ba sórí kámẹ́rà, wọ́n fi ọwọ́ kan di páálí dúdú kékeré kan bo ìdajì ojú rẹ̀, wọ́n fi ìka ọwọ́ kejì tẹ nǹkan. Ó dún bí ìgbà tí òwú já. Níta, àwọn típà tó ń kó yanrìn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dí irà ń kọjá lórí títì márosẹ̀, gbogbo dígí ara ògiri sì ń gbọ̀n.

"Ó ku èkejì," ni Bàbá wí fún ìyá mi. "Ẹ bọ́ aṣọ yẹn lọ́rùn rẹ̀. Ẹ wọ ti ìkejì rẹ̀ fún un."

Aṣọ kejì náà kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ rárá, àfi pé ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀ ọ́ rí. Òwú kan ń fì nídìí ọwọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ já a, Màámi gbá mi lọ́wọ́. Wọ́n gbé àpótí sí apá ọ̀tún ìlà ẹfun, Bàbá sì gbé páálí dúdú lọ sí ìdajì kejì. Wọn kò yí ọwọ́ kámẹ́rà náà kí fíìmù lè sún síwájú. Ibi kan náà ni wọ́n tún fẹ́ yà lé.

"Máa wo ibi tí o jókòó sí lẹ́ẹ̀kan," ni wọ́n wí. "Rẹ́rìn-ín sí i díẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́."

Mo wo ilẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Màámi kọjú sí ògiri títí kámẹ́rà fi tún dún.

Èmi ni Táyé. Èéyi ló mú Kẹ́hìndé lọ lọ́gbẹlẹ̀ ọdún yẹn, ṣùgbọ́n a kì í sọ pé ìbejì kú, nítorí náà wọ́n sọ fún mi pé ó lọ ọjà. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé sórí. Gbogbo ìgbà tí Màámi bá mú mi lọ ra ọjà ní Ajah ni mò ń yọjú wo abẹ́ àtẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn ọmọ ọlọ́mọ, títí Màámi fi dẹ́kun mímú mi lọ. Ìyá bàbá mi ránṣẹ́ láti Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n gbẹ́ ère fún un. Pásítọ̀ wa ní ère kò gbọdọ̀ wọlé onígbàgbọ́. Orí fọ́tò nìkan ni ọ̀rọ̀ gbogbo wọn ti ṣọ̀kan. Ayàwòrán tó bá mọṣẹ́ á ya ẹni tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á so wọ́n pọ̀ sójú ìwé kan, ìyá á sì ní ọmọ méjì tó lè gbé kọ́ ògiri.

Kí ló dé tí Kẹ́hìndé kò fi ya fọ́tò kankan nígbà tó wà láyé? Aṣọ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a múra àtilọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màámi padà lọ́nà, nítorí télọ̀ kò tíì rán aṣọ kejì tán. Ìbejì wo ló ń ya fọ́tò àkọ́kọ́ nínú aṣọ tí kò bára mu? Kí ni ayé máa wí? Nígbà tí télọ̀ máa gbé aṣọ méjèèjì dé, tó tẹ̀ wọ́n dáadáa, tó fi bébà wé wọn, a ti sin ọ̀kan nínú àwọn tó ni wọ́n ní ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn. Màámi kò bá a jà. Wọ́n gba aṣọ, wọ́n dúpẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá wà ní Igbó Ẹfọ̀n, létí títì gan-an, níbi tí Màámi ti ń ta omi tútù àti búrẹ́dì fún àwọn awakọ̀ típà. Ọmọ ibẹ̀ ni Bàbá. Wọ́n ní àwọn mọ ibẹ̀ nígbà tí yanrìn àti àgbọn ló wà níbi tí ọkọ̀ ń gbà báyìí. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, àwọn ayàwòrán kéékèèké ti ń ju kámẹ́rà onífíìmù nù, wọ́n ń ra díjítà. Bàbá ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀pà. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ tà fún oníkòròfo tó ń ra àlòkù irin, Bàbá á ní kí wọ́n fún àwọn. Wọ́n ń kó wọn sí kọ́bọ́ọ̀dù gíga kan tó kún láti òkè délẹ̀: àwọn kan ní awọ pẹlẹbẹ níwájú bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, àwọn kan wúwo bí òkúta ọlọ, àwọn kan kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè wọ àpò agbádá.

Wọn kì í kàn tò wọ́n síbẹ̀ lásán. Wọ́n á gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n á ní kí n di ojú mi, kí n sọ ohun tí ọwọ́ mi rí. "Wo ibí yìí," ni wọ́n á wí, wọ́n á fi àtàǹpàkò mi sí ojú kòtò kékeré kan lára irin. "Ẹni tó ṣe èyí ti ya fọ́tò rí. Ó mọ̀ pé ọwọ́ máa ń làágùn, ó mọ ibi tí ìka máa fẹ́ sinmi sí. Kò rí ọ, kò mọ̀ ọ́, ó sì rántí ìka rẹ." N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa irin. Títí di òní, bí mo bá mú ohun tí wọ́n ṣe dáadáa lọ́wọ́, ìka mi máa ń wá ibi tí wọ́n rántí rẹ̀ sí.

Èyí tí wọ́n fi ya wá ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ó ní ojú méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Ojú òkè ló ń wò, ojú ìsàlẹ̀ ló ń yà. Ènìyàn kì í gbé e sójú. Á gbé e sí àyà, á ṣí ìdérí orí rẹ̀, á wá máa wo inú rẹ̀ láti òkè. "Àwọn yòókù, bí ìbọn la ṣe ń nà wọ́n sí ọmọ ènìyàn," ni Bàbá wí. "Èyí, àfi kí o tẹrí ba fún ẹni tí o fẹ́ yà." Wọ́n tún ní àwọn kámẹ́rà tuntun kì í gbà kí ènìyàn ya ẹ̀ẹ̀mejì sójú kan, wọ́n ti rò pé aláìmọ̀kan ni gbogbo ayàwòrán. Ti olójú méjì yìí gbà. Ó gbà pé ẹni tó mú òun lọ́wọ́ mọ ohun tó ń ṣe. Awọ ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ti bó tipẹ́, Bàbá sì ti gé ahọ́n bàtà dúdú kan, wọ́n fi gọ́ọ̀mù fọkanáísà lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ló rí ṣákaṣàka lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń fi ìka pa.

Afẹ́fẹ́ òkun kò dára fún dígí kámẹ́rà, iyọ̀ inú rẹ̀ á jẹ́ kí èbu hù sí i. Bàbá ń yan ìrẹsì nínú agbada títí á fi gbẹ ṣáúṣáú, wọ́n á dì í sínú àkísà funfun, wọ́n á fi sáàárín àwọn kámẹ́rà kó lè máa fa omi. Òórùn ìrẹsì yíyan àti ti háípò kíkan tí wọ́n fi ń fọ fíìmù ni òórùn ṣọ́ọ̀bù náà. Mo máa ń tú àkísà yẹn, màá jẹ ìrẹsì inú rẹ̀. Bàbá mọ̀. Wọ́n á ní, "Eku kan wà ní Igbó Ẹfọ̀n yìí tó ń wọ yunifọ́ọ̀mù," wọ́n á tún yan òmíràn.

Lẹ́yìn tí wọ́n ya wá tán, Màámi bèèrè ìgbà tí fọ́tò máa jáde. Bàbá ní oògùn tí àwọn fi ń fọ fíìmù ti tán, ó di ọjọ́ Sátidé kí àwọn tó lè lọ rà á ní Ìdúmọ̀tà. Wọ́n sì ní fíìmù ńlá tí kámẹ́rà yìí ń jẹ kò sí lọ́jà mọ́. Ẹyọ kan tí àwọn fi pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn fi yà á.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ní bàjẹ́ síbẹ̀?"

"Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn méjèèjì ti wà nínú rẹ̀."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe Màámi ní Ìyá Ìbejì. Mo rí bí ojú wọn ṣe là.

Èmi náà gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì gbé e lé orí bí mo ṣe gbé ti ọjà. Àṣé ìdí nìyí tí n kò fi rí i ní Ajah! Inú kọ́bọ́ọ̀dù Bàbá ló wà, kò jìnnà sí mi ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ní ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ilé ìwé, Bàbá lọ kírun Àlàásárì ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní bí oníbàárà bá dé, kí n sọ pé àwọn ń bọ̀. Mo bu ìrẹsì yíyan sọ́wọ́, mo gbé olójú méjì sílẹ̀, mo pè é wẹ́rẹ́: "Kẹ́hìndé." Kò dáhùn. Bàbá ti fi àwọn tó ṣófo kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí irin ìdí rẹ̀. Mo yí i, mo ṣí i.

Bébà dúdú kan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ká a bí ẹní. Mo tú u, ohun kan tó ń dán bá a jáde, ó gùn, àwọ̀ eérú ni. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo nà án sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo rò pé bóyá ó kéré ju ohun tí ojú mi lè rí lọ, ni mo bá já díẹ̀ nínú rẹ̀ kí n lè wò ó dáadáa nílé. Mo ká ìyókù padà bí mo ti mọ, mo pa kámẹ́rà dé. Ní alẹ́, mo ki èyí tí mo já sínú àpò aṣọ Kẹ́hìndé nínú àpótí Màámi, nítorí pé bó bá jẹ́ òun ni, aṣọ rẹ̀ nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, èmi àti Màámi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, à ń retí. Màámi ti ra férémù, ó wà lórí itan wọn. Bàbá wọ yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù. Ibẹ̀ ṣókùnkùn biribiri, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ríran níbẹ̀. A gbọ́ tí wọ́n ṣí kámẹ́rà. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Ọwọ́ ọ̀tún wọn dì.

"Ìyá Ìbejì, ẹ dárí jì mí," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ mi ni. Arúgbó ń dé. Mo gbàgbé, mo ti ṣí i nínú ìmọ́lẹ̀. Ó ti jó."

 Màámi dìde, férémù bọ́ sílẹ̀, dígí rẹ̀ fọ́.

"Ẹ tún pa á," ni Màámi wí. "Kẹ́hìndé kú lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún pa á lẹ́ẹ̀kejì."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa lo ọ̀rọ̀ náà "kú" fún un létí mi. Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé kò sí lọ́jà, kò sì sí nínú kámẹ́rà. Màámi bọ́ síta, wọ́n ń ké lẹ́bàá títì, àwọn awakọ̀ típà sì ń dúró wò wọ́n.

Bàbá la ọwọ́ wọn. Ìrẹsì yíyan kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Inú kámẹ́rà ni ìka wọn ti bá a.

"Jẹ ẹ́," ni wọ́n wí.

Mo mú un, mo jẹ ẹ́.

"O ò gbọdọ̀ sọ fún ìyá rẹ láé. Ìwọ nìkan ló kù tó ní. Bó bá bínú sí ọ, kò ní ọmọ mọ́ nìyẹn. Èmi, ará ìta ni mí. Jẹ́ kó máa bínú sí mi."

Mo gbọ́ràn. Ká ní mo mọ ohun tí ìgbọ́ràn yẹn máa ná Bàbá, ṣé mo lè sọ? N kò mọ̀, n kò sì fẹ́ pa irọ́ níbí. Màámi ò dákẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nídìí omi tútù, níbi tí wọ́n ti ń dirun, ìtàn kan náà ni: bàbá tó ti fọ́jú, tó sì ń gba iṣẹ́. "Ẹ má gbé ọmọ yín lọ síbẹ̀ o! Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń lo díjítà, wọ́n á fi hàn yín lójú ẹsẹ̀." Ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ kì í rìn, sísáré ló ń sáré. Àwọn oníbàárà dáwọ́ dúró. Bàbá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa fi ìyẹ́ adìẹ gbọn eruku ara kámẹ́rà. Bí mo bá ń ti ilé ìwé bọ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè kí mi. Ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi sí wọn pé wọ́n mọ àṣírí mi. Ìwà ìkà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé ló hù ú.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ní wọ́n máa mú títì márosẹ̀ fẹ̀ sí i. Wọ́n fi ọ̀dà pupa fa àgbélébùú sára gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà létí rẹ̀. Ní ọjọ́ tí katakata máa dé láti wó wọn, mo bá Bàbá lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń kó kámẹ́rà sínú àpò ìrẹsì, wọ́n ń fi àkísà wé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pè mí. Wọ́n na olójú méjì sí mi.

"Gbà. Ìwọ ló mọ̀ ọ́n mú."

Ọwọ́ mi ti fẹ́ kàn án. Mo rí ahọ́n bàtà dúdú yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fa ọwọ́ mi padà.

"Màámi á bi mí ibi tí mo ti rí i, sà."

Bàbá rọra mi orí wọn. "Òótọ́ ni," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi í sínú àpò. N kò fojú kàn wọ́n mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn kan ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n gbà lọ. Àwọn kan ní wọ́n kò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìgbà yẹn. N kò mọ ibojì wọn.

Ṣàngótẹ̀dó ni mò ń gbé báyìí. Mo ní kámẹ́rà àtijọ́ tó kún kọ́bọ́ọ̀dù kan, mọ́kànlá nínú wọn sì jẹ́ olójú méjì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí ní aṣakámẹ́rà. Wọ́n fẹ́ràn kí n máa ṣàlàyé ẹwà wọn, mo sì ń ṣàlàyé rẹ̀ tọkàntọkàn, ibi tí wọ́n rántí ìka sí, bí ìdérí orí ṣe ń ṣí bí òdòdó. Ohun tí n kì í sọ ni pé ọ̀kan ṣoṣo ni mò ń wá. Ní àdúgbò Phase 1, àwọn ilé oúnjẹ olówó ń to kámẹ́rà àtijọ́ sórí pákó láàárín ìgò wáìnì, fún ọ̀ṣọ́. Mo máa ń bẹ àwọn tó ń gbé oúnjẹ pé kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni ìka mi máa ń kọ́kọ́ lọ. Awọ tó jọ̀lọ̀ ni mò ń bá níbẹ̀ nígbà gbogbo, màá sì dá a padà, màá sanwó oúnjẹ mi.

Lọ́dún tó kọjá, ara Màámi kò dá mọ́, mo mú wọn wá sọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n rí kọ́bọ́ọ̀dù náà. "Irú eléyìí ni ọkùnrin yẹn fi ba ayé mi jẹ́," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún! Ó sú mi. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, mo sọ fún wọn pé èmi ni. Mo sọ ti irin ìdí kámẹ́rà, ti ìrẹsì, ti ohun tí Bàbá ní kí n jẹ. Mo ń retí kí wọ́n ké, tàbí kí wọ́n gbá mi létí.

"Mo mọ̀," ni Màámi wí.

Wọ́n ní kí n gbé àpótí wọn wá. Aṣọ ànkárá kékeré náà ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òwú ṣì ń fì nídìí ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ki ìka bọ àpò rẹ̀, wọ́n fa fíìmù tí mo já yọ.

"Kò tó oṣù kan sí ìgbà yẹn tí mo rí i. Ta ló tún lè fi í síbẹ̀?"

"Màámi, ẹ mọ̀, ẹ sì ń bà wọ́n lórúkọ jẹ́ títí tí wọ́n fi wó ṣọ́ọ̀bù wọn?"

"Tí mo bá lọ bẹ̀ wọ́n, ta ni mo fẹ́ máa bínú sí, Táyé? Ṣé ìwọ ni?"

 Bàbá rò pé àwọn ń pa àṣírí náà mọ́ fún Màámi, Màámi ń pa á mọ́ fún mi, èmi náà pa á mọ́ fún ara mi. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ni kò sí ẹni tó dáàbò bò ó.

Nígbà tó yá, Màámi tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn rọ̀. Wọ́n ní ṣé kámẹ́rà mi wọ̀nyí ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ní wọ́n ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ó dáa, kí n bá àwọn ya ọ̀kan, èmi àti Kẹ́hìndé, kí àwọn tó lọ. Fíìmù ńlá ti tún wà, àwọn kan ń kó o wọlé láti òkè òkun. Mo rà á, mo fi sínú ọ̀kan nínú mọ́kànlá náà. Mo gé páálí dúdú. Mo fa ìlà ẹfun sílẹ̀ pálọ̀, mo gbé àga sí apá òsì rẹ̀, mo jókòó, mo sì rántí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró nídìí kámẹ́rà láti di páálí náà mú.

Màámi ò lè dìde. Mo lè pe ayàwòrán èyíkéyìí tó wà ládùúgbò, á dé lójú ẹsẹ̀. N kò pe ẹnì kankan. Mo jókòó sórí àga yẹn, mò ń wo apá ọ̀tún ìlà, Màámi sì ń wò mí láti orí ibùsùn, wọn kò bi mí ìdí. Àwa méjèèjì mọ ẹni tí iṣẹ́ yẹn tọ́ sí, àwa méjèèjì la sì lé e lọ. Fíìmù náà ṣì wà nínú kámẹ́rà, n kò tíì ya ẹyọ kan nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun ń dé Ṣàngótẹ̀dó náà, nítorí náà ní oṣooṣù ni mò ń yan ìrẹsì, màá dì í sínú àkísà funfun, màá fi í sí ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà náà. N kì í tọ́ ọ wò.